Ọjà ń tà, owó ò sí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà (14 oṣù kẹwàá 2024)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn níbí: títúsì, kòtẹ̀, ṣáwá, pánla nígbà míì. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Ní ìwòyí èṣí, páálí mẹ́fà ni mò ń kó lẹ́ẹ̀kan ní kóòlù-rúùmù. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún yìí, ó di mẹ́rin. Ní báyìí, méjì ni, ìkejì gan-an, èmi àti ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi la jọ ń dáwó sí i.

Ẹ má sọ pé n ò tà o. Mò ń tà! Kí ó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìsọ̀ ti ṣófo. Mi ò ra aṣọ ẹbí láti Iléyá, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fi owó ọjà sanwó ilé. Ibo ni owó náà wá ń gbà lọ?

Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n wá yá owó tí wọ́n ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà, ₦250,000, kí n máa dá a padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní òun ò fọwọ́ sí i. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé ìwé. Ẹ bá mi dá sí i.

Aṣírò Àkọ́bọ̀

Màmá, ẹ kú ọjà. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá iye lé ẹja, èwo lẹ máa ń wò: iye tẹ́ ẹ rà á, àbí iye tí wọ́n ń tà á ní kóòlù-rúùmù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà

Iye tí mo rà á ni. Mo máa ń lé ẹgbẹ̀rún márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí páálí kan. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe é?

Aṣírò Àkọ́bọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe é, ìyẹn ló jẹ́ kí ìsọ̀ pọ̀ tó ń pa dé. Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é, kó lè yé wa.

Ká ní ₦48,000 lẹ ra páálí kan. Ẹ tà á tán, ó di ₦54,000. Inú yín dùn, ẹ ní ẹ jèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ẹ mú mẹ́rin níbẹ̀ fún owó ọbẹ̀ àti owó mọ́tò àwọn ọmọ. Ó ku ₦50,000. Ẹ padà dé kóòlù-rúùmù lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní páálí ti di ₦55,000. Màmá, bí ẹ ò bá tiẹ̀ fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó yẹn, ₦54,000 ò lè ra páálí ₦55,000. Ẹ ò jèrè rárá. Ẹ̀ ń fi owó ọjà yín ta àwọn oníbàárà lọ́rẹ díẹ̀díẹ̀ ni. Bí páálí mẹ́fà ṣe ń di méjì nìyẹn, láìsí olè, láìsí ọ̀tá.

Ẹja tí ẹ̀ ń tà, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bíi ₦460 ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan. Lónìí ó ti lé ní ₦1,600. Epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 lítà kan kí wọ́n tó kéde ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ó ti di ₦1,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Mọ́tò tó ń gbé ẹja wá láti Èkó ń mu epo, ẹ̀rọ kóòlù-rúùmù náà ń mu epo. Tẹ́lẹ̀, ọdọọdún ni ọjà máa ń gbówó lórí, a sì lè máa bá a lọ. Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni.

Ohun tí màá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹ tó ṣí ìsọ̀ láàárọ̀, ẹ pe kóòlù-rúùmù lórí fóònù. Iye tí wọ́n bá dá lónìí ni kí ẹ fi ta ẹja tó wà nílẹ̀, ì báà jẹ́ àná lẹ rà á.

Alákàrà Ojú Irin

Ọ̀gá Aṣírò, ìwé lẹ fi ń sọ̀rọ̀, ẹ wá dúró nídìí agbada. Bí mo bá fi ₦50 lé àkàrà láàárọ̀, kí n tó yí i padà nínú epo, oníbàárà ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é ló kù.

Nígbà tí ẹ̀wà wọ́n gógó láàárín ọdún yìí, bí èèyàn bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́wà ní Bódìjà, ṣe ni yóò kàn dúró síbẹ̀ kó máa wo kóńgò. Mo gbìyànjú kí n dín àkàrà kù láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní, "Ìyá, àkàrà yín ti ń gbààwẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Látìgbà yẹn, oríṣi méjì ni mò ń dín: kékeré tó wà ní iye àtijọ́, àti ńlá tó wà ní iye tuntun. Mo ń fi méjèèjì hàn wọ́n, kálukú mú èyí tí agbára ẹ̀ ká. Ẹnikẹ́ni ò bá mi jà mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ̀yin náà ẹ gé ẹja. Orí lọ́tọ̀, àárín lọ́tọ̀, ìrù lọ́tọ̀. Ẹni tí kò lè ra odidi títúsì máa ra orí kó fi se ọbẹ̀ ata. Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀, odidi ẹja tí ẹ gé sí mẹ́ta máa ń mówó wọlé ju èyí tí ẹ tà lódidi lọ.

Télọ̀ Agége

Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ iná ni tèmi. Ìyá, fíríísà yín ńkọ́? Àdúgbò kejì sí tiwa wà lórí Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná á máa wà fún wọn fún ogún wákàtí lójúmọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún yìí tí wọ́n gbé owó iná wọn kúrò ní bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan, kí wọ́n tó wá dín in kù díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ẹran tútù níbẹ̀ ti pa fíríísà kan nínú méjì. Àwa tí a ò sí lórí Band A, iná ò wọ́n, ṣùgbọ́n kò kúkú sí.

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi yẹn ń ṣe nìyí: kì í jẹ́ kí fíríísà ṣófo. Bí ẹran bá lọ sílẹ̀, ó máa fi píọ̀ wọ́tà dí àyè tó kù títí yóò fi kún. Bí omi yẹn bá ti dì, tí iná bá lọ, òun ló máa mú un tutù di ọjọ́ kejì, bí èèyàn ò bá ṣáà ń ṣí i ṣáá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣí i lójúmọ́. Èyí tó fẹ́ tà, inú kúlà ló máa kó o sí.

Ní tèmi, àwọn tó ń rán aṣọ tuntun ti dín kù. Mo jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, mo ń gbá eṣinṣin. Ìyàwó mi ló ní kí n gbé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ jáde bí ọbíọma. Èmi tí mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin! Mo kọ́kọ́ fìbínú dá a lóhùn. Nígbà tó yá, mo gbé e léjìká, mo lọ sí àdúgbò tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Lọ́jọ́ yẹn, mo tún síìpù mẹ́sàn-án ṣe, mo dín ṣòkòtò mẹ́rin kù fún àwọn tó ti rù. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni: ọ̀pọ̀ aṣọ tí mò ń rí, ó ti tóbi ju ẹni tó ni ín lọ.) Ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ ni mò ń jáde báyìí. Owó àtúnṣe yẹn ló ń san owó ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀dọ́ Aláṣeyọrí

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká máa sin adìẹ o! Igba adìẹ lásán nínú àgbàlá, ẹyin lójoojúmọ́. Ẹyin wọ́n lọ́jà.

Adìẹ Ò Jẹ́ N Sùn

Àbúrò, igba (200) adìẹ elẹ́yin ni mo ní tẹ́lẹ̀, ní Òkè-Ògùn. Kí nìdí tí ẹyin fi wọ́n? Oúnjẹ adìẹ ló wọ́n. Àgbàdo wọ́n, sóyà wọ́n. Adìẹ ò mọ̀ pé ìlú le, ìdajì oúnjẹ ò sí nínú ọ̀rọ̀ tiẹ̀; bó bá jẹun dín, ẹyin ló máa kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Mo ta tèmi ní oṣù kẹjọ kí wọ́n tó jẹ mí tán. Ẹni tí kò bá ní oko àgbàdo, tí kò sì mọ adìẹ í sìn, kó má fi owó oúnjẹ ilé ẹ̀ kọ́ ọ lásìkò yìí. Mẹ́ta mẹ́rin tí yóò máa jẹ èérún ilé, ìyẹn ò burú.

Tíṣà Ìkirun

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé, torí àwa tí a ń gba owó oṣù, a ò lè fi nǹkan kan lé iye ara wa láàárọ̀. Ní 29 oṣù keje, Ààrẹ buwọ́ lu òfin pé owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó kan àpò wa, ọjà ti gbọ́.

Àwa tíṣà méje ní ilé ìwé wa dá àjọ oúnjẹ sílẹ̀. A ò kó owó fún ẹnikẹ́ni. ₦5,000 lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ kálukú. Bó bá ti tó àpò kan, ẹni méjì nínú wa á lọ rà á, kí owó náà má baà sùn sínú báńkì kó máa rù. Àsìkò la sì ń tẹ̀ lé. Ẹ̀wà tuntun máa ń wọ ọjà láti ìparí oṣù kẹwàá títí di Kérésì. Epo pupa máa ń rọjú láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún. Àgbàdo gbígbẹ, lẹ́yìn oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀wà ní oṣù kẹfà, ìyà ọgbọ́n ló ń jẹ, kì í ṣe ìyà owó nìkan.

Bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà: ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tónítóní títí dé ọrùn, kí àyè má ṣẹ́ kù, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú ẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, á kú. Bẹ́ ẹ bá ti ń ṣí i lójoojúmọ́, ẹ ti bà á jẹ́, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì kéékèèké ló dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà. Májèlé ni. A mọ àwọn tó jẹ ẹ́.

Ìjà kan ṣoṣo tí a tíì jà ni ti kóńgò. Ìyá kan gbé kóńgò ọjà wá, èyí tí wọ́n ti tẹ ìdí ẹ̀ wọnú. Ó fi wọ̀n fún gbogbo wa, ó wá fi agolo ilé ẹ̀ wọn tiẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì la ò fi kí ara wa. Kóńgò kan náà la ń lò báyìí, inú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà la ń tì í mọ́.

Bàbá Agodi

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé lọ́dún 1986, mo wà ní Sẹ́kítéríàtì ní Agodi. Lọ́dún 1985, náírà kan lágbára ju dọ́là kan lọ. Kí ọdún 1986 tó parí, ó ti di nǹkan bíi náírà mẹ́ta sí mẹ́rin kí èèyàn tó rí dọ́là kan. Àwa tí a ń yá owó ìjọba ra Volkswagen tuntun tí wọ́n tò ní Èkó tàbí Peugeot tí wọ́n tò ní Kàdúná, tòkunbọ̀ la wá ń wá kiri. Àwọn ìyàwó wa ń bẹ̀rẹ̀ ṣa aṣọ nílẹ̀ ní ọjà. Nígbà yẹn náà, wọ́n ní kò ní pẹ́.

Ohun tó gba ilé mi là, ìyàwó mi ló ṣe é, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Wọ́n ń dá èésú. Nígbà tó kàn án, èmi ní kó fi owó náà pamọ́ sí báńkì. Kò dá mi lóhùn. Páànù ìkọ́lé ló lọ rà, ìdì mẹ́rin, ó tò ó sí ẹ̀yìn ilé. Mo bá a jà pé ilé wo la ń kọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì ó ta méjì nínú ẹ̀, ó san owó ilé ìwé ọmọ méjì. Méjì tó kù ló wà lórí ilé tí mò ń gbé lónìí. Ohun tí kì í jẹrà ni kí ẹ fi owó yín sí. Ẹja yín ń jẹrà, Ìyá Ẹlẹ́ja. Tiyín le jù.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú o. Láti ìhà Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Epo *kpayo* inú ìgò tó ń ti Nàìjíríà wá ni ọ̀kadà wa fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ lọ́dọ̀ yín, ọ̀dọ̀ wa ni owó ọ̀kadà ti fò. Owó sẹ́fà wa dúró níbi tó wà, torí Yúrò ni wọ́n so ó mọ́, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wa láti Ìmẹ̀kọ àti Abẹ́òkúta ò wá mọ́: owó tí wọ́n bá kó wá, kò ra ìdajì ohun tó ń rà ní ọdún méjì sẹ́yìn. Àwa la wá ń kọjá wá ra ọjà lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó bá ń ṣe gàrí tàbí ẹlúbọ́ tó dáa létí bodè, kó wá wa.

Màmá Peckham

Ẹ fi orí jì mí, kúkúrú ni tèmi. Àwọn ará ilé rò pé torí pọ́n-ùn kan ti di ẹgbẹ̀rún méjì náírà, owó wa ti pọ̀. Níbí ní Lọ́ńdọ̀n náà, láti 2022 tí owó gáàsì àti iná ti lọ sókè, mítà tí a ń rọ owó sí ń jẹun bí ẹran. Mi ò fi owó ránṣẹ́ ní sẹ́ńjì sẹ́ńjì mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀dọ̀ oníṣòwò ni mò ń san án sí tààrà, wọ́n á gbé ìrẹsì àti gàrí lọ sílé fún Màmá mi. Kò sí ẹni tó lè fi àpò gàrí ra ankará.

Ẹni Iná Jó Rí

Mo fẹ́ padà sórí gbọ́mú-lé-láńtà, nítorí ẹnikẹ́ni ò tíì dá Ìyá lóhùn lórí ẹ̀.

Mo gbà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí wọn kì í sọ tẹ́lẹ̀ ni pé kì í ṣe odidi owó ló máa dé ọwọ́ yín. Wọ́n á yọ owó ìfipamọ́, wọ́n á yọ owó fọ́ọ̀mù. Nígbà tèmi, nínú ₦250,000, bíi ₦222,000 ni mo rí gbà, ṣùgbọ́n orí ₦250,000 ni èlé ti ń jẹ. ₦12,500 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Ẹ ṣe é fúnra yín. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni sísan ti bẹ̀rẹ̀, ẹja ò tíì yọ́! Àwa mẹ́wàá la dúró fún ara wa. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa kò rí san, gbogbo wa la jókòó sí iwájú ilé ẹ̀ títí di aago mẹ́wàá òru, ọmọ ẹ̀ ń sunkún nínú ilé. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Mi ò tíì gbàgbé.

Kí ẹ má sì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù àbúrò mi pé olè ni, títí kan àfẹ́sọ́nà ẹ̀.

Aṣírò Àkọ́bọ̀

Ẹ ṣeun, ẹni wa. CBN, báńkì àpapọ̀ ìjọba, gbé èlé ìpìlẹ̀ dé 27.25% ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá. Bí èlé tó wà lọ́wọ́ ìjọba fúnra ẹ̀ bá ga tó bẹ́ẹ̀, ta ló máa yá obìnrin ẹlẹ́ja lówó tó rọrùn? Ìyá, bí ẹ bá gba owó yìí, tí ẹ sì ń tajà bí ẹ ṣe ń tà á tẹ́lẹ̀, ihò kan náà ló máa gbà jò, pẹ̀lú gbèsè lórí. Ẹ dí ihò ná.

Ẹ má bínú, ìbéèrè kan ló kù: àwìn ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà

Háà. Mo ti ń dọ́gbọ́n yẹra fún ìyẹn. Mo ka ìwé mi lálẹ́ àná, ₦83,000 ló wà níta. Ẹni tó pẹ́ jù, láti oṣù kejì ni. Ẹbí ọkọ mi wà níbẹ̀.

Alákàrà Ojú Irin

₦83,000! Páálí kan àti ààbọ̀ ló wà nínú ikùn àwọn èèyàn! Ẹ má pariwo mọ́ wọn, wọn ò ní owó. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ní. Ẹni tó ń ṣe ẹlúbọ́, kó fi ẹlúbọ́ san. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ Márúwá, kó máa gbé ẹja yín láti kóòlù-rúùmù títí gbèsè á fi tán. Ti ẹbí ọkọ, ẹ gbé ìwé fún ọkọ yín, kó kà á fúnra ẹ̀.

Ẹja tó bá sì kù nírọ̀lẹ́, ẹ yan án. Ẹja yíyan ò mọ NEPA.

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà (19 oṣù kọkànlá)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mi ò gba owó náà. Láràárọ̀ ni mò ń pe kóòlù-rúùmù, ọmọkùnrin tó ń gbé fóònù ti ń pè mí ní "Ìyá Aago Mẹ́fà". Oníbàárà méjì bínú lọ, ọ̀kan ti padà. Gígé ẹja ṣiṣẹ́ kọjá bí mo ṣe rò. Orí títúsì kì í dúró kí ilẹ̀ tó ṣú.

Yíyan ẹja ò kọ́kọ́ bọ́ sí i. Iná pọ̀ jù, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú bí èédú, inú ẹ̀ tutù, ojú mi wú. Àwa la jẹ gbogbo ẹ̀ nílé, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, títí àwọn ọmọ fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀fọ́ lásán. Nígbà tó yá, bàbá wọn gé ìlàjì dúrọ́ọ̀mù, ó ta wáyà sí i, òun ló sì ń wá igi. Olóúnjẹ méjì ló ń gbà á lọ́wọ́ mi báyìí, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń sanwó.

Gbèsè: mo ti rí bíi ₦40,000 gbà. Apá kan jẹ́ ẹlúbọ́, apá kan jẹ́ ata gbígbẹ. Ti ẹbí ọkọ, bàbá wọn kà á, ó pa ìwé dé, kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ Àìkú àbúrò ẹ̀ gbé ₦9,000 wá.

Páálí mẹ́ta ni mo kó láàárọ̀ yìí. Èmi nìkan ni mo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tíṣà Ìkirun, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ẹ̀gì tí ẹ sọ yẹn, ṣé èyí tí wọ́n fi rọ epo rí ṣeé lò bí èèyàn bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́? Ẹ̀wà tuntun ti ń wọlé.

Tíṣà Ìkirun

Ti epo òróró ṣeé lò, bí ẹ bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tí ẹ sì sá a kó gbẹ. Ti kẹrosíìnì, ẹ má gbìyànjú ẹ̀, òórùn ẹ̀ ò ní lọ láéláé. Kóńgò mélòó lẹ fẹ́?